Orin Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin fún Gooro

Bí ẹ bá rí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nídìí kíbọ́ọ̀dù, ẹ ó rò pé oorun ló ń kùn ún. Á tẹ orí ba, á dijú díẹ̀, èjìká ọ̀tún á wálẹ̀ ju ti òsì lọ, ìka rẹ̀ á sì máa rìn láìkánjú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìjẹun hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ní ọ̀sán Ọjọ́rú àti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí ìyàwó rẹ̀ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí yóò máa kọrin fún àwọn tó ń jẹun. Púpọ̀ nínú wọn kì í gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹn ò kan òun, ó ní ẹnu wọn ló dí, etí wọn ò dí.

Ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè ní Gooro, nítorí ohùn rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọge, bó bá gbé ohùn sókè lẹ́yìnkùlé, àwọn ará ilé kejì á yọjú lójú fèrèsé. Mo mọ̀ ọ́n kó tó di ìyàwó wa, mo sì lè jẹ́rìí sí i pé orúkọ náà kò ṣàdédé wá. Òun náà ló sọ mí ní Òpéléńgẹ́ lọ́jọ́ tó wọlé wa. Mo tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà lóòótọ́. Lónìí, bí mo bá gbé báàgì kọ́ èjìká, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi wọlé, síbẹ̀ Òpéléńgẹ́ náà ni mo ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń fi í rẹ́rìn-ín mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, kọ̀ǹpútà méjì, àga mẹ́ta tí ọ̀kan nínú wọn ti yẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni mo ń tẹ̀ sórí bébà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ náà ti sú mi láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ṣílẹ̀kùn lágogo mẹ́jọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni oríkèé ìka ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó gbé e mọ́ra, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfìgbà tí ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú Gooro. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kó fi kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì kò hùwà ìkà sí wọn. Ó ní Gooro á máa kọrin rẹ̀ lọ, òun á wá ẹlòmíràn tí yóò máa tẹ dùùrù fún un. Ó sì rí obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré, tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Obìnrin dùùrù yìí kò fẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Dùùrù onígi ńlá tó wà ní igun gbọ̀ngàn, tí wọ́n ti daṣọ bò láti ọjọ́ pípẹ́, lòun fẹ́. Ó ní kí wọ́n kàn kó kọ́ọ̀dù gbogbo orin náà wá, ìyẹn orúkọ àwọn ohùn tí wọ́n ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni kọ́ọ̀dù náà wà, nínú ètò orin kan tí àwọn tó ṣe é ti pa tì. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ ó tẹ orúkọ kọ́ọ̀dù sínú àwọn àpótí kéékèèké, G níbí, C lọ́hùn-ún, D lẹ́yìn rẹ̀, ètò náà á sì fi ìlù àti gìtá sí i fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti ń tẹ bébà jáde fún Gooro, ọ̀rọ̀ orin nísàlẹ̀, kọ́ọ̀dù lókè. Gooro mọ kọ́ọ̀dù kà dáadáa, òun náà ti tẹ dùùrù rí. Àmọ́ ètò tuntun tí obìnrin dùùrù ń lò kò lè ṣí fáìlì tàtijọ́ yìí. Ó gbìyànjú ọ̀kan wò nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó mirí.

"Àǹtí, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ jáde ní fáìlì MIDI. Ìyẹn nìkan ni àwọn méjèèjì jọ gbọ́."

Bí iṣẹ́ náà ṣe já lé mi lórí nìyẹn.

Bí ẹ kò bá mọ fáìlì MIDI, kì í ṣe orin. Kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ni: bọ́tìnnì wo ni wọ́n tẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, báwo ni ọwọ́ ṣe wúwo tó, ìgbà wo ni wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. Orúkọ kọ́ọ̀dù kò sí níbẹ̀. Gbogbo orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọdún gbọọrọ tẹ̀ sínú àpótí ló ń dàwátì bí fáìlì bá ti di MIDI. Ètò tuntun ló máa wo bọ́tìnnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dún pọ̀, tí yóò wá fún wọn lórúkọ padà. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣì í pè. Kọ́ọ̀dù C tó ní A nínú àti kọ́ọ̀dù A kékeré, ìyẹn A máínọ̀, tó ní G nínú, bọ́tìnnì kan náà ni wọ́n, èyí tó bá wù ú ló máa mú. Nítorí náà, mo ní láti jókòó ti orin kọ̀ọ̀kan, kí n fi bébà àtijọ́ wé bébà tuntun láti òkè délẹ̀. Orin mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni mo bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orin tí Gooro fi máa ń ṣíde. Bébà àtijọ́ ní kíì G ni orin náà wà, ìyẹn ni pé orí ohùn G ló jókòó lé. Mo gbé e jáde, mo ṣí i nínú ètò tuntun, ó kọ E. Níbi tí C wà tẹ́lẹ̀, A ló wà. Níbi tí D wà, B ni mo rí. Mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Mo pa á rẹ́, mo tún un ṣe, ó tún kọ E. Mo ṣí orin kejì. Bébà ní F, kọ̀ǹpútà ní D. Nígbà tí mo dé orí ìkẹfà, mo rí i pé gbogbo wọn ló fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ sílẹ̀, bí ẹ bá ka bọ́tìnnì funfun àti dúdú pọ̀. Mo ti ń ṣàṣìṣe láti kékeré, mi ò ṣe é kó ṣe déédéé bẹ́ẹ̀ rí. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

Ó wá, ó jókòó sórí àga tó yẹsẹ̀, mo fi hàn án. Kò pẹ́ tó fi gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

"Kò sóhun tó bàjẹ́," ó ní. "Bó ṣe ń dún nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bébà ní G."

"Mo mọ ohun tí bébà sọ. Ṣebí èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Nínú ètò àtijọ́ náà, ibì kékeré kan wà ní igun tí ẹ lè fi rẹ gbogbo orin sílẹ̀ láìfọwọ́ kan orúkọ kọ́ọ̀dù. Bébà á ṣì máa pè é ní G, ohun tó ń dún á jẹ́ E. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ náà ní bọ́tìnnì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka rẹ̀ á wà lórí G, Gooro á wo ìka rẹ̀ á rí i pé orí G ló wà, ohùn tó ń jáde á sì jẹ́ tìsàlẹ̀. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ló fi ìgbésẹ̀ kan rẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn ikọ́ kan tó gbé Gooro ṣánlẹ̀. Ó ní òun rò pé bí ara rẹ̀ bá yá, òun á dá a padà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó fi ìkejì kún un. Ìkẹta kò tíì pé ọdún mẹ́ta.

"Kò sì fura?" mo bi í.

"Ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kíì òun ò yí padà láti ìgbà ọmọge. Inú ẹ̀ máa ń dùn tó bá ń sọ ọ́."

Mo wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà há sí. Dùùrù onígi kò ní bọ́tìnnì tó ń parọ́. Bí obìnrin dùùrù bá rí G lórí bébà, G ló máa tẹ̀, ohùn Gooro kò sì ní débẹ̀, yóò já lójú gbogbo àwọn tó ń jẹun. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n á gbójú sókè. Bí bébà bá sì kọ E, Gooro á rí E. Ẹ̀gbọ́n mi ti rò ó títí, ó ti rí ọ̀nà kan.

"Tẹ̀ ẹ́ lọ́nà méjì," ó ní. "Kí tobìnrin yẹn jẹ́ E, kí ti Gooro jẹ́ G. Mo máa bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Jọ̀ọ́."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi kì í bẹ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ó bẹ̀ mí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di ọjọ́ Ẹtì, bí oníbàárà kan bá ti jáde, mo ti padà sídìí ẹ̀. Gbé fáìlì jáde, ṣí i, wo ohun tí kọ̀ǹpútà kọ, tún A kékeré ṣe sí C, tẹ ọ̀kan fún obìnrin dùùrù, yí gbogbo rẹ̀ padà sókè, tẹ ọ̀kan fún Gooro. Ọrùn mi gan. Bí mo bá di ojú, àwọn àpótí kéékèèké náà ni mò ń rí. Ọkùnrin kan wá ṣe ẹ̀dà ìwé ìbí rẹ̀, mo kọ D sí i létí kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ó wò mí bí ẹni tó rí aṣiwèrè. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, bébà ti di òkìtì méjì lórí tábìlì mi, òkìtì òótọ́ àti òkìtì irọ́, wọ́n sì ga dọ́gba.

Ẹ̀gbọ́n mi wá kó wọn. Bó ṣe fẹ́ dìde ni mo bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti àná.

"Tí wọ́n bá ń dánra wò lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n sì dúró láàárín orin, tóbìnrin yẹn ní 'ẹ jẹ́ ká tún un mú láti orí A', tí Gooro wo bébà ọwọ́ ẹ̀ tó rí C, kí lẹ fẹ́ sọ?"

Ó tún jókòó. Gbogbo àwọn tó ń kọrin tó ń lùlù ló ń bára wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, láti orí A, láti orí D, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó jẹ́ kó gbàgbé ni pé òun àti Gooro kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ láti bí ogún ọdún. Orí ló ń mì sí i. Bó bá mi orí báyìí, Gooro á wọlé, bó bá mì ín báyìí, á dákẹ́. Wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ pẹ́ ju kí wọ́n máa dárúkọ kọ́ọ̀dù fúnra wọn.

"Bá mi sọ fún un," ó ní nígbà tó yá.

"Èmi kọ́."

"Òpéléńgẹ́."

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Orúkọ tí ìyàwó rẹ̀ fún mi ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì tún bínú sí i. Mo ní màá tẹ̀ lé e délé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló máa sọ ọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, a gun àtẹ̀gùn ilé wọn dé àjà kẹta, òkìtì òótọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, òkìtì irọ́ nínú báàgì mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n mi dúró mí kanlẹ̀ lọ́nà. Gooro ń lọ aṣọ tí yóò wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kíbọ́ọ̀dù wà lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ti fi aṣọ ìnura bò ó bí ẹyẹ inú àgò.

"Òpéléńgẹ́, ọkọ mi, ẹ ti rù," ó ní.

"Ìyàwó wa, irọ́ lẹ̀ ń pa."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó na bébà àkọ́kọ́ nínú òkìtì òótọ́ sí i, ó sì lọ jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù. Gooro gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ó ka bébà náà láti òkè délẹ̀, ó tún padà sókè.

"Ta ló kọ èyí?"

"Kọ̀ǹpútà ni," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Àwọn orúkọ tí mo kọ sílẹ̀ kò lè bá orin náà lọ sínú fáìlì. Ohun tó gbọ́ ló kọ."

"Kí ló gbọ́?"

"Ohun tá à ń kọ, ìwọ àti èmi."

Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń lọ láti orí bébà sí kíbọ́ọ̀dù, láti ibẹ̀ sí ìka ọkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti là á yé e.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mọ́kànlá. Díẹ̀díẹ̀."

Ó yọ wáyà áyọ́ọ̀nù kúrò lára ògiri. Ó ká aṣọ tó ń lọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan rẹ̀ ṣì hunjọ.

"Ẹ rántí ìyàwó télọ̀," ó ní, "tó ń bá mi gbe orin lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́dún tó kọjá ó bẹ̀ mí ká rẹ orin yìí sílẹ̀ díẹ̀ fóun. Mo ní ọ̀lẹ ni. Ojú gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ́. Mo ní mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, mo ṣì ń kọ ọ́ ní G. Kò wá mọ́ látọjọ́ náà." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Irọ́ yín ni mo fi bú u, Dádì. Mo fi irọ́ yín bú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ sì jókòó síbẹ̀, ẹ̀ ń gbọ́."

"Mo wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

"Ó rẹ̀ mí," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Tí mo bá sọ ìyẹn, mo ní láti sọ gbogbo ẹ̀."

Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é. Àbí, ta ló tẹ òkìtì irọ́ tó wà nínú báàgì mi?

Gooro ṣí aṣọ ìnura kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. "Ẹ tẹ G fún mi. G gidi."

Ẹ̀gbọ́n mi na ìka sí bọ́tìnnì kékeré náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú rẹ̀ kí ó lè padà sí òdo. Ó wá fi ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí kò tíì wú púpọ̀, tẹ kọ́ọ̀dù náà. Gooro kọrin. Nígbà tó dé ibi tí orin náà ti ń gòkè, ohùn rẹ̀ já.

"Ẹ rẹ̀ ẹ́."

Ó rẹ̀ ẹ́ ní ìgbésẹ̀ kan. Ohùn náà tún já. Ó rẹ̀ ẹ́ dé F, Gooro débẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ó rẹ̀ ẹ́ dé E, ó sì dún gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń dún ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ kúrò.

"Ibi tá a wà nìyẹn," ó ní.

Gooro mirí. "Ẹ tún rẹ̀ ẹ́."

"Kò pọn dandan."

"Ẹ rẹ̀ ẹ́, Dádì."

Ó rẹ̀ ẹ́ dé orí bọ́tìnnì dúdú tó wà lábẹ́ E, tí wọ́n ń pè ní E fíláàtì. Gooro kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ohùn náà gòkè láìsí wàhálà, ó kún inú yàrá, ó dún gooro. Ọdún mélòó kan ti kọjá tí mo ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, mi ò sì mọ̀ pé mo ti gbàgbé rẹ̀. Ó kọ orin náà tán, ó sì jókòó sórí àpótí aṣọ.

"Ó ti pé ọdún méjì tí ọ̀fun ti ń dùn mí," ó ní. "Mo ti lọ sọ́dọ̀ dókítà ọ̀fun lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mi ò sọ fún yín. Ó ní òun ò rí àrùn kankan. Ó bi mí bóyá orin náà ló ga jù fún mi. Mo ní rárá, mo ní kíì kan náà ni mò ń kọ látọjọ́ tí mo ti wà lọ́mọge, tó bá wá ń ni mí lára báyìí, àìsàn ni." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo ti fi aṣọ mi pamọ́ fún ọmọ wa, mo ti kọ orúkọ ẹ̀ sí i. Mo ti ń múra láti kú, Dádì."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ wíwú méjèèjì lé orúnkún, ó sì sunkún. Mi ò rí i kó sunkún rí, kódà nígbà tí a sin àwọn òbí wa. Gooro kò lọ fọwọ́ pa á lórí, kò sì kúrò níbẹ̀. Ó jẹ́ kó sunkún tó fẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú pẹ́ńsùlù lórí tábìlì, ó fa ìlà sórí E tí kọ̀ǹpútà kọ, ó sì kọ E fíláàtì sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

"Òpéléńgẹ́, ẹ lè tún àwọn tó kù rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo mẹ́tàlélọ́gọ́rin?"

"Wọn ò ní jókòó síbì kan náà," ẹ̀gbọ́n mi ní, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "A ní láti gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Gooro ti ń wọ bàtà. Mo bi í pé níbo ló ń lọ.

"Ilé ìyàwó télọ̀. Ẹ dúró dè mí. Tí mo bá dé, a ó bẹ̀rẹ̀ látorí ìkejì."

A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí ó fi délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí lé ògiri, ó di ojú. Èmi kó òkìtì irọ́ jáde nínú báàgì, mo yí i dojú délẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn bébà náà mọ́, kò sí nǹkan kan lórí wọn. Mo mú pẹ́ńsùlù Gooro, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin.